Bóòtù tó ń yí lásán: ẹ wò ó dáadáa kí wọ́n tó ní kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì míì

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé ata àti iṣu wọ Ọjà Akẹ̀sán ló ti pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì ni: “Ọ̀gá, tírẹ́ẹ̀dì ti jẹ o.” Ìgbà míì, wọ́n á ní kó lọ ra ẹ́ńjìnnì míì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Tírẹ́ẹ̀dì ni ìlà tó lọ́ yí ara bóòtù ká. Òun náà ló wà nínú ihò tí bóòtù ń wọ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń di ara wọn mú. Bí ti inú ihò bá jẹ, bóòtù á máa yí lásán, kò ní le mọ́. Dídì jù, ìpẹtà, àti ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná kọjá àlà ló sábà ń fà á.

Blọ́ọ̀kù onírin, bíi ti Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, máa ń fara dà á. Alumíníọ́mù ni kò ní sùúrù. Ti Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá tiẹ̀ tún rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé iléeṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ wá ń fi ojú irin sínú ihò bóòtù rẹ̀.

Èyí tó kàn wá jù lónìí ni Toyota Camry 2002 sí 2006, Big Daddy, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE ló wà nínú rẹ̀, alumíníọ́mù sì ni blọ́ọ̀kù rẹ̀. Àwọn bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níhà ibi tí awakọ̀ jókòó sí, ló sábà máa ń tú. Omi rédíétọ̀ á máa dín kù, ọkọ̀ á máa gbóná. Wọ́n á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́, omi á tún máa jò. Èmi náà ra gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnì kan tó fa bóòtù yọ fi hàn mí: tírẹ́ẹ̀dì inú blọ́ọ̀kù ti lọ́ mọ́ ọn lára bíi wáyà. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi rárá.

Ó ṣeé tún ṣe. Wọ́n á lu ihò náà kó fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi táàpù gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, wọ́n á wá ki ojú irin bọ̀ ọ́, tí inú rẹ̀ á bá bóòtù àtijọ́ mu. Helicoil dà bíi sípíríǹgì. Time-Sert dà bíi páìpù kékeré tó le. Helicoil tó fún àwọn bóòtù kékeré, ṣùgbọ́n fún bóòtù tọ́ọ̀pù, Time-Sert tàbí irú rẹ̀ ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Gọ́ọ̀mù onírin ńkọ́? Ẹ má dán an wò níbẹ̀.

Ihò lílu ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Bí dírílì bá wọ́, tọ́ọ̀pù kò ní jókòó dáadáa. Bó bá jìn jù, ó lè já sí ibi tí omi ń gbà. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ọwọ́ lásán lù ú. Kí wọ́n lo ohun tí ń tọ́ dírílì sọ́nà, tàbí kí wọ́n gbé blọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Kí wọ́n fẹ́ èérún àti omi kúrò nínú ihò pátápátá, torí omi tàbí ọ́ìlì tó bá kù nísàlẹ̀ lè la blọ́ọ̀kù nígbà tí bóòtù bá tẹ̀ ẹ́. Bóòtù tuntun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì fi sípánà tó ń wọn agbára dì í. Mẹ́wàá ni bóòtù tọ́ọ̀pù Camry yìí. Bí wọ́n bá ti ṣí i, ó sàn kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Gate n'Íbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, kó rántí pé irú 2AZ kan náà lè ní àìsàn kan náà. Toyota padà mú kí tírẹ́ẹ̀dì inú blọ́ọ̀kù náà gùn sí i, nítorí náà ẹ béèrè ọdún ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ kí ẹ tó sanwó.