Òòyì Tí Kì í Jẹ́ Kí Ọkàn Balẹ̀

Kó tó di 1861, bí òòyì bá ń kọ́ ènìyàn ní Yúróòpù, ọpọlọ ni àwọn dókítà máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù lórí, wọn a sì fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Ọdún yẹn ni Prosper Ménière, dókítà ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Paris, sọ pé inú etí lọ́hùn-ún ni àìsàn náà ti lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà, ó sì kú ní 1862.

Àríyànjiyàn mìíràn tún dé. Ní 1870, Moritz Benedikt ní Vienna kọ̀wé nípa àwọn tí òòyì máa ń kọ́ ní gbàgede, ó sì kà á sí òòyì gan-an. Ní 1871, Carl Westphal ní Berlin ní ìbẹ̀rù lásán ni. Lẹ́yìn náà, oníṣègùn etí àti ti ọpọlọ ń ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ síra wọn. Dókítà Robert Bárány gba ẹ̀bùn Nobel ní 1914 (omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti tútù ló ń dà sí etí àwọn ènìyàn, tó ń wo bí ẹyinjú wọn ṣe ń ta), ṣùgbọ́n etí ló gbájú mọ́.

Ní 1986 ni Thomas Brandt àti Marianne Dieterich ní Jámánì fi òòyì àti ìbẹ̀rù sínú àìsàn kan ṣoṣo. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Bárány fi òǹtẹ̀ lù ú: òòyì tó bá pé oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń le sí i bí ènìyàn bá dìde tàbí tó bá wọ àárín èrò. Etí lè ti sàn, àmọ́ ẹni tó ti ṣubú rí á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ara á le gbagidi, òòyì náà á sì tún pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó lè má jáde mọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì sì lè wọlé.

Ẹ wo ẹni tó ń gbé Djègan-Kpèvi ní Àjàṣẹ́ ní Benin, tí ẹ̀rù ń bà láti gun ọ̀kadà zémidjan tàbí kó wọ ọjà Ouando. Ta ló máa sọ fún? Lọ́dọ̀ wa, wèrè ni a fi ìtọ́jú ọpọlọ mọ̀. Ní 1954, dókítà Adeoye Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ká ní Abẹ́òkúta, kí ẹbí lè wà pẹ̀lú wọn. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tó jẹ́ fọkanáísà tẹ́lẹ̀, ló ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n so mọ́gi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹni tí òòyì ń dà láàmú kì í ṣe wèrè, kò sì ní í fẹ́ kí wọ́n rí òun níbẹ̀.

Ìtọ́jú wà: eré ìdárayá tó ń kọ́ ara láti dúró ṣinṣin, ìmọ̀ràn, àti oògùn nígbà mìíràn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ ti òòyì, kí ẹ sì sọ ti ẹ̀rù náà.