Àwòrán Obìnrin Àtìpó Lára Ògiri Ìlú: Láti Brixton Dé Òpópónà Àgbádárìgì

Láàrin ọdún 2018 sí 2024, ó kéré tán obìnrin ayàwòrán mẹ́rin ni àwòrán ńlá wọn ti gorí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Brixton, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìyìn tí àwòrán wọ̀nyí fún obìnrin tó ṣí wá sí ìlú ló fún wọn lágbára bí kò ṣe ibi tí wọ́n gbé e sí àti ohun tí wọ́n bá a níbi tó ti ń ṣe é.

Brixton kò ṣàdédé di ìlú àtìpó. Nígbà tí Empire Windrush, ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn àtìpó láti Karíbíánì wá, gúnlẹ̀ sí Tilbury ní oṣù kẹfà ọdún 1948, inú ihò ààbò ogun ní Clapham South ni wọ́n fi àwọn tí kò ní ibùgbé wọ̀ sí. Coldharbour Lane ní Brixton ni ọ́fíìsì ìwáṣẹ́ tó sún mọ́ wọn jù wà. Ibi tí iṣẹ́ wà ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ayàwòrán kun ògiri àdúgbò náà. Àwọn ògiri wọ̀nyí ni Art on the Underground, ètò iṣẹ́ ọnà ti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò ti ibùdókọ̀ ní 2018.

Njideka Akunyili Crosby, ọmọ Ẹnúgù tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1999, ló kọ́kọ́ yàwòrán sí ibùdókọ̀ náà. Inú yàrá ilé kan ló fi àwọn àrọ́mọdọ́mọ ìran Windrush sí.

Ti Joy Labinjo ni mo fẹ́ dúró tì. Dagenham ni wọ́n ti bí i ní 1994, sí ìdílé tó wá láti Nàìjíríà, fọ́tò ẹbí àtijọ́ ló sì ń fà yọ sínú púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ti 2021, 5 more minutes, ṣọ́ọ̀bù onídìrí ló fi hàn. Ẹni tó bá ti ṣe irun rí mọ̀ pé a lè jókòó sábẹ́ ọwọ́ onídìrí títí ọjọ́ yóò fi rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í bọ́ síbẹ̀: ilé gbígbà, èsúsú, ìwé ìgbélùú, ọmọ tí kò fẹ́ sọ èdè ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń mọ ìlú. Labinjo kò sọ àwọn obìnrin inú àwòrán rẹ̀ di akọni, kò sì sọ wọ́n di ẹni àánú. Irun ni wọ́n ń ṣe. Ìyẹn wú mi lórí ju ère èyíkéyìí lọ. Ní 2024, Claudette Johnson gbé obìnrin mẹ́ta gàgàrà sí ibẹ̀ kan náà.

Àwa tí a wà ní Ìjànikin, lójú Òpópónà Àgbádárìgì ní Èkó, ní ìdí láti fiyè sí àwọn àwòrán wọ̀nyí. Àwórì àti Ègùn ló ni ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n obìnrin Igbo ń tajà ní Àlàbá, àwọn mìíràn ń gba bodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Kútọnu, Ìyànà-Ìbà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pàdé. Rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Marina àti Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Òkòkómáíkò ni wọ́n ní yóò parí sí. Ibùdókọ̀ yóò ní ògiri. Àwọn tí yóò yà á kò sì jìnnà: ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó di Lagos State University of Education ní 2022 ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà.

Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ni ti Aliza Nisenbaum, ọmọ Mẹ́síkò, tí àwòrán rẹ̀ ti 2019 ní Brixton jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ṣáájú èyí, ní Queens, Niu Yọ́ọ̀kì, ó fi ìtàn iṣẹ́ ọnà kọ́ àwọn obìnrin àtìpó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ti di ojúlùmọ̀ ni wọ́n tó jókòó fún un, tó sì yà wọ́n lójúkojú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ya ìyá oníṣòwò ní Ìyànà-Ìbà ní láti kọ́kọ́ jókòó tì í nídìí ọjà, kó gbọ́ bí ó ṣe fẹ́ kí aráyé rí òun, kó sì san owó àkókò tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.