Àwọn Tí A Kò Mọ Orúkọ Wọn ní Chasselay

Kò sí abúlé tí ẹ máa dé ní ilẹ̀ Faransé tí ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òkúta ìrántí ogun níbẹ̀, bóyá níwájú gbọ̀ngàn ìlú, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ àwọn ọmọ abúlé tó kú sógun ni wọ́n fín sára rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti Chasselay, ìlú kékeré kan nítòsí Lyon. Ògiri pupa ló yí ibi ìsìnkú ibẹ̀ ká, ó rí bí ilé alámọ̀ ilẹ̀ Mali. Tata ni wọ́n ń pè é. Àwọn sójà 196 ló sùn síbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Kí ló gbé wọn débẹ̀? Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ọdún 1940, Pétain tó jẹ́ olórí ìjọba Faransé ti kéde lórí rédíò pé kí ìjà dáwọ́ dúró. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 19 àti 20, àwọn Tirailleurs Sénégalais ṣì ń dínà mọ́ àwọn Jámánì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o. Kì í ṣe Senegal nìkan ni Faransé ti ń kó irú sójà bẹ́ẹ̀. Ó ń kó wọn títí dé Dahomey, ìyẹn Benin òde òní, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, àwọn Jámánì ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, wọ́n kó àwọn dúdú lọ sí pápá, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n.

Jean Marchiani, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ti jagun rí, kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó wá òkú wọn kiri láti abúlé dé abúlé, ó ra ilẹ̀, ó kó wọn jọ. Wọ́n gbé erùpẹ̀ wá láti Dakar. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, 1942 ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Jámánì gba gúúsù Faransé.

Àmọ́ àwọn ibojì kan wà níbẹ̀ tí kò ní orúkọ. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, tí àyè orúkọ bá ṣófo, kò túmọ̀ sí pé ẹni náà ò ní orúkọ. A ò tíì kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn wọ̀nyí sì nílé. Ní 2022, wọ́n fi orúkọ 25 kún ti ibẹ̀, lẹ́yìn ohun tó lé ní 80 ọdún.

Àwọn ará wa tó lọ sógun Burma ńkọ́? Ta ló lọ láti àdúgbò yín tí kò padà? Ẹ bi àwọn àgbà, kí ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Marchiani ṣe nìyẹn, kò sì tíì pẹ́ jù fún wa.