Ta Ló Ń Kọ́ Ta?

Ẹni tó bá tú ohun tí Òyìnbó ń pè ní homeschooling sí "ẹ̀kọ́ ilé" ti kó sí wàhálà. Ẹ̀kọ́ ilé ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tipẹ́: ìkíni, ìkúnlẹ̀, fífi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ènìyàn lè gboyè dókítà kó má ní in. Lẹ́sìnnì náà kò bá a mu, torí ọmọ tó ń gba lẹ́sìnnì ti tilé-ìwé dé ná. Gbólóhùn tó sún mọ́ ẹnu òbí jù ni "Èmi ni mo ń kọ́ wọn níwèé nílé". Ibẹ̀ ni mo ti fa "ìkọ́mọ-níwèé-nílé" yọ. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Òfin ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1996 pàápàá kò sọ ọ́ lórúkọ: ó ní kí òbí rí i pé ọmọ kẹ́kọ̀ọ́, yálà nílé-ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. "Ọ̀nà mìíràn" yẹn ló gba ìdílé Yorùbá tó bá fẹ́ ṣe é ní London láyè.

Ní ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò fún irú ìkọ́mọ bẹ́ẹ̀, "ayárabíàṣá" dùn létí lórí rédíò, ó fẹ́ jọ oríkì. Ṣùgbọ́n ìyá tí oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀ yóò pariwo pé, "Ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ wá jẹun!" Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Tẹ̀ ẹ́, fà á wálẹ̀, fi í pamọ́, pa á rẹ́: gbogbo wọn ti wà lẹ́nu wa.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni pípe kọ̀ǹpútà ní irinṣẹ́. Irinṣẹ́ ìkọ́ni ni, àbí irinṣẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́? Bí a bá ní ìkọ́ni, ẹ̀rọ ti di tíṣà nìyẹn: fídíò ń sọ̀rọ̀, ọmọ kàn ń wò. Bí a bá ní ìkẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ ọmọ ni iṣẹ́ wà. Èyí ni mo fara mọ́. Yorùbá sì ti fọ̀nà hàn, nítorí "kọ́" kan náà la fi ń kọ́ni, òun náà la fi ń kọ́ṣẹ́. "Ọmọ ń kọ́ kọ̀ǹpútà": ṣé ó ń gba ìmọ̀ nípa rẹ̀ ni, àbí òun ló ń fún un ní ìmọ̀? Olùtúmọ̀ mìíràn yóò fẹ́ tún gbólóhùn náà ṣe. Kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Seymour Papert jà fún gan-an nìyẹn. Ọmọ South Africa ni, MIT ní Amẹ́ríkà ló ti ṣiṣẹ́. Òun, Wallace Feurzeig àti Cynthia Solomon wà lára àwọn tó ṣe Logo ní 1967, èdè kọ̀ǹpútà fún ọmọdé. Nínú ìwé rẹ̀, Mindstorms, ti ọdún 1980, ó ní ọmọ ló yẹ kó máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ìjàpá, àmì kan tó ń ya ìlà lójú ẹ̀rọ, ló ń gba àṣẹ náà nínú Logo, àmọ́ kì í ṣe ìjàpá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ wa: ohun tí wọ́n bá wí fún un nìkan ló ń ṣe.

"Síwájú 100, yí sọ́tùn-ún 90": bí ọmọ bá pa àṣẹ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìjàpá ti ya onígun-mẹ́rin. Kó wá kan onígun-mẹ́ta ọlọ́gbọọgba. Ọmọ tó ti kà á pé igun rẹ̀ jẹ́ 60 yóò ní kí ìjàpá yí 60, ìlà yóò sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. 120 ló yẹ kó yí, torí ẹni tó ń rìn lórí ìlà kì í yí igun inú. Ohun tó kù kí igun náà pé 180 ló ń yí. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí a pe méjèèjì ní "igun". Igun ni ti àwòrán, yíyí ni ti ìjàpá.

Ní ti ìṣirò, a ò bẹ̀rẹ̀ lófo. Ní 1970 ni Babatunde Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀, títí dé kíláàsì kẹfà. Àwọn àṣẹ kéékèèké inú Logo ló kù ká wá ọ̀rọ̀ fún. Ẹ wo repeat. "Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin" ló máa kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tún nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin ti ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. "Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin" ló péye.

Òbí kò sì ní láti dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ Logo fún un, torí Logo máa ń gba ọ̀rọ̀ tuntun. Kí ọmọ tẹ to siwaju :iye, kó tẹ forward :iye sí ìlà kejì, kó fi end parí rẹ̀. Láti ìgbà náà, siwaju 100 yóò gbé ìjàpá rìn. Mo yọ àmì ohùn kúrò nítorí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá lẹ́tà kiri lórí bọ́tìnì. Tó bá ti mọ ìyẹn, kó kọ́ Logo ní sotun àti sosi.