Ẹ̀jẹ̀ Ìyá, Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ: Ìtàn Abẹ́rẹ́ Anti-D

Ní ìlú New York lọ́dún 1937, obìnrin kan bí òkú ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀, àwọn dókítà bá fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ sí i lára. Oríṣi O ni ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, kò sì yẹ kí ìjà kankan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ara obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Họ́wù! Kí ló dé?

Philip Levine àti Rufus Stetson, tí wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ lọ́dún 1939, ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tó jogún lọ́dọ̀ bàbá, tí ara ìyá kò sì gbà. Lọ́dún 1940, Karl Landsteiner àti Alexander Wiener fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní rhesus ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé irú ohun bẹ́ẹ̀ wà lára ènìyàn márùn-dín-láàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òyìnbó tí wọ́n yẹ̀ wò. Láti ara orúkọ ọ̀bọ yìí ni Rh ti wá. Ẹni tó ní i ni Rh pọ́sítíìfù, ẹni tí kò ní i ni nẹ́gétíìfù. Láàárín àwa Yorùbá, nẹ́gétíìfù kò pọ̀ tó ti òyìnbó, àmọ́ ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló mọ bó ṣe ń dunni.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìyá jẹ́ nẹ́gétíìfù, ọmọ gbé ti bàbá, ó jẹ́ pọ́sítíìfù. Nígbà ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀ á kán sínú ti ìyá. Ara ìyá á rí àlejò, á sì ṣe ọmọ ogun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní áńtíbọ́dì. Àkọ́bí sábà máa ń yọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń fojú winá: òmíràn á kú sínú, òmíràn á dáyé láìní ẹ̀jẹ̀ lára, ojú rẹ̀ á sì pọ́n. Obìnrin tó bá rí irú èyí léraléra nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, ta ni kò ní í pè é ní ìyá àbíkú? Kì í kúkú ṣe gbogbo àbíkú ló ti ibẹ̀ wá o. Ibà àti àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ mìíràn pa tiwọn.

Lọ́dún 1945, ní Cambridge, Coombs, Mourant àti Race rí ọgbọ́n tí wọ́n fi lè rí áńtíbọ́dì wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni àyẹ̀wò Coombs. Wọ́n lè rí ọ̀tá báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lè dá a dúró.

Lẹ́yìn ọdún 1960 ni ọ̀nà là. Ronald Finn àti Cyril Clarke wà ní Liverpool. Vincent Freda, John Gorman àti William Pollack wà ní New York. Èrò wọn dà bí ẹni fi ẹ̀gún yọ ẹ̀gún: ẹ fún ìyá ní áńtíbọ́dì yẹn gan-an, èyí tó ti ara ẹlòmíràn wá, kó lè pa ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó kán sí i lára rẹ́ kí ara rẹ̀ tó fura. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó yọ̀ǹda ara wọn ní Sing Sing wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára wọn. Lọ́dún 1968, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n ń fún ìyá. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi ti ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n oyún kún un. Ara ènìyàn ni oògùn yìí ti ń wá. James Harrison, ará Australia, fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọrẹ nígbà 1,173 kó tó dáwọ́ dúró lọ́dún 2018.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó nìyí. Ìyá gba abẹ́rẹ́, ó tún lọ fún àyẹ̀wò, ìwé ní anti-D wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣé ọmọ ogun àyálò ni, àbí tara rẹ̀? Àyẹ̀wò kò mọ̀yàtọ̀. Tí àyálò kì í pọ̀: bí wọ́n bá ti bu omi là á kọjá ìlọ́po mẹ́rin, kì í sábà hàn mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló sì ń dín sí ìdajì, bó tilẹ̀ lè hàn fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tara ẹni ń lọ sókè ni. Ṣùgbọ́n tara ẹni náà lè kéré níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà iye nìkan kò tó ẹ̀rí.

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pe àyálò ní tara rẹ̀, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ kò wúlò fún un mọ́, wọn ò ní í fún un lẹ́yìn ìbímọ, ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa jìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pe tara rẹ̀ ní àyálò, kò sẹ́ni tí yóò máa ṣọ́ ọmọ inú. Àyẹ̀wò ọmọ tuntun pàápàá lè gbé ti abẹ́rẹ́ yìí jáde, kí ọmọ sì wà láìṣe ohunkóhun.

Ohun tó ń tú kókó yìí ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n fún un gan-an. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ju káàdì oyún yín nù. Níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ tètè sọ pé, “Mo ti gba abẹ́rẹ́ anti-D, ọjọ́ báyìí ni.” Láàbù tí wọn ò bá sọ fún kò lè mọ̀.