Sẹ́ńtì 50 tó dá ìjà ọdún 41 sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń torí Arsenal àti Chelsea bú ara yín láti Jímọ̀ títí di Mọ́ńdè, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ìtàn Alabama àti Auburn ni mo gbé dé.

Yunifásítì méjèèjì wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa o, èyí tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré ni. Ìpínlẹ̀ yẹn ò ní ẹgbẹ́ kankan nínú NFL, torí náà bọ́ọ̀lù ọmọ yunifásítì ni gbogbo wọn gbé lé orí. "Roll Tide" ni ìkíni Alabama, "War Eagle" ni ti Auburn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, wọ́n á bi yín pé ti ta lẹ̀ ń ṣe, ẹ ò sì gbọdọ̀ ní ẹ ò sí níbì kankan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé, February 1893 ní Birmingham, Auburn na Alabama 32-22. Ní 1907 wọ́n gba ọ̀mì 6-6, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó dé. Auburn ní kí owó ìtọ́jú agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 3.50 lójúmọ́. Alabama ní dọ́là 3 ni. Wọ́n tún jà lórí iye èèyàn tí wọ́n máa kó wá, àti ibi tí wọ́n ti máa mú rẹfirí. Sẹ́ńtì 50! Ẹ gbà mí o. Ọdún 41 ni wọn ò fi pàdé mọ́. Ogun àgbáyé méjì bẹ̀rẹ̀, méjèèjì parí, àwọn ò tíì parí tiwọn.

Ní 1947 àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ dá sí i. Ní December 1948, olórí akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì gbẹ́lẹ̀ nínú ọgbà kan ní Birmingham, wọ́n sin àáké síbẹ̀ pé ìjà ti tán. Àáké gidi o. Alabama wá na Auburn 55-0. Ìjà tán lóòótọ́?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1972. Bear Bryant, akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama, ti pe Auburn ní "ilé ìwé màlúù". Èébú yẹn ní gbòǹgbò: ilé ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀rọ ni Auburn tẹ́lẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n bí ará oko. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi "ọmọ poli" bú rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí lára. Ìdá kẹrin eré dé, Alabama ṣì ń nà wọ́n 16-0. Auburn rí 3 gbà. Ni Bill Newton bá dí bọ́ọ̀lù tí Alabama fẹ́ fẹsẹ̀ gbá jìnnà, David Langner gbé e, ó di eré. Kò pẹ́, àwọn méjì yìí náà tún ṣe é bákan náà gẹ́lẹ́! 17-16. "Punt Bama Punt" ni wọ́n wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò kiri.

Yẹ̀yẹ́ nìyẹn, mo gbà. Ti 2010 kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Tí Auburn bá borí, àwọn olólùfẹ́ wọn máa ń ju tíṣù sórí igi óákù méjì ní Toomer's Corner. Lọ́dún yẹn Alabama ti ń nà wọ́n 24-0 kí Auburn tó yí i padà sí 28-27. Ní January 2011, ọkùnrin kan pe ètò Paul Finebaum lórí rédíò, ó ní òun ti da májèlé sídìí igi náà. Òótọ́ ni. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n sì gé igi méjèèjì ní April 2013. Ẹ gbọ́ o: àwọn olólùfẹ́ Alabama kan dáwó jọ fún igi ọ̀tá wọn.

November 2013, 28-28, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 1. Bọ́ọ̀lù tí Alabama gbá ò dé ibi tó ń lọ, Chris Davis hán an, ó sáré láti òpin pápá kan dé òpin kejì. 34-28. Igi ò sí ní Toomer's Corner mọ́, wáyà ni wọ́n ta síbẹ̀. Wọ́n ju tíṣù sórí wáyà.