Fífi Maikirosíkópù Dá Olú Kéékèèké Onírìísí Ife Mọ̀

Olú onírìísí ife ni àwọn olú tí kò ní orí bí agbòjò, tí wọ́n ya ẹnu sókè bí ife tàbí àwo. Ara igi jíjẹrà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń hù; àwọn mìíràn kò tó mìlímítà kan ní fífẹ̀. Ibi tí òjò ti pọ̀ bá wọn lára mu, bí Rumuomasi ní Port Harcourt, níbi tí òjò ọdún kan ti ń ju 2000 mìlímítà lọ. Àwọn Cookeina, tí Otto Kuntze fún lórúkọ ní 1891, tóbi tó láti fi ojú lásán rí: C. tricholoma ní irun gígùn, irun C. speciosa kúrú létí ẹnu.

Yorùbá sábà ń sọ olú lórúkọ nípa jíjẹ, oògùn àti ìrísí, B. A. Oso kọ̀wé lórí èyí ní 1975. Ṣùgbọ́n bí ife méjì bá jọra bí ìbejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ wọ́n, inú wọn ni a ní láti wò.

Abẹ mímú ni a fi ń gé ife náà tínrín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi lásán ni kí a kọ́kọ́ fi sí i lórí gíláàsì, nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Hans-Otto Baral tẹnu mọ́ èyí ní 1992: ẹ̀kán òróró inú sípóò, àti ohun tí ó wà nínú fọ́nrán àárín àwọn àpò sípóò, máa ń yí padà tàbí pòórá bí sẹ́ẹ̀lì bá kú. Ẹni tí ó bá kánjú da kẹ́míkà sí i ti pa ẹ̀rí náà run.

Lẹ́yìn èyí ni a ń wo ṣóńṣó àpò. Ti àwọn Pezizales ń ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Ti àwọn Helotiales ń ní ihò kékeré. Áyódíìnì lè sọ ṣóńṣó náà di búlúù, ṣùgbọ́n èyí tí a lò ṣe pàtàkì: chloral hydrate inú omi Melzer lè bo ìyípadà tí omi Lugol yóò fi hàn kedere. Nítorí náà, Lugol ló yẹ kí ó ṣáájú.

Sípóò tí ó ti jáde kúrò nínú àpò nìkan ni a ń wọ̀n, ní ìlọ́po 1000 pẹ̀lú òróró, nítorí èyí tí ó wà nínú àpò lè má tíì gbó. Ìyókù ife náà ni a ń gbẹ, tí a kọ irú igi, ibi àti ọjọ́ sí i lára.